Haldane ní Gleneagles, Olúwa ní Àpápá

Bí ọkọ̀ ojú omi bá ṣí ní èbúté Liverpool ní Àpápá, tó dorí kọ Snake Island, àwọn ọkọ̀ òkun ló kọ́kọ́ máa ń dí èèyàn lójú. Wọ́n tò sí èbúté Tin Can bí ilé alájà tó léfòó, kírénì na ọrùn lé wọn lórí, epo sì ń dán lójú omi. Ẹ̀yìn wọn ni erékùṣù náà wà. Ó gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ; ìrísí yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ ejò. Apá kan rẹ̀ ni ọgbà ìkànkọ̀ Nigerdock wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986. Apá kejì jẹ́ ti apẹja, ti ilé pákó, ti ọmọdé tó mọ omi í wẹ̀ kó tó mọ ìwé é kà. Bi ọlọ́kọ̀ léèrè pé ta ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Kò ní dárúkọ iléeṣẹ́, kò sì ní dárúkọ gómìnà. "Onísìwó ni," ni yóò wí, á sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà jìn sí Perthshire ní Skọ́tílándì, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí wọn yóò fún ọ níbẹ̀ kò gùn ju èyí lọ. Dúró lẹ́bàá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Auchterarder, nawọ́ sí àfonífojì tó wọ àárín òkè lọ, kí o bèèrè ìbéèrè kan náà. "Haldane ni." Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ ọdún tí wọ́n ti ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìdáhùn méjèèjì jọra létí, àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ síra. Èyí ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n, nítorí ìdílé méjèèjì ti pàdé rí, àbájáde ìpàdé wọn ló sì sọ Àpápá di ohun tí gbogbo ọmọ lọ́yà ní Nàìjíríà ń kà nínú ìwé.

Kí n kọ́kọ́ mú ilé olódi. Èyí tí àwọn Haldane kọ́ sí Gleneagles ti wó tipẹ́. Ògiri òkúta ló ṣẹ́kù lórí òkè kékeré kan, koríko sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ogun ìdílé sí ìdílé rọlẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ilé mìíràn nítòsí, ilé gbígbòòrò tí fèrèsé rẹ̀ tóbi, tó jẹ́ pé àlejò ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀tá. Orúkọ ibẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Gẹ̀ẹ́sì mú wa rò pé ẹyẹ idì ló ni àfonífojì náà, bẹ́ẹ̀ èdè Gaelic ni orúkọ ọ̀hún, àfonífojì ṣọ́ọ̀ṣì ló sì túmọ̀ sí. Ilé àdúrà kékeré kan ṣì wà níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn òkú wọn sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára àmì ìdílé wọn: Suffer. "Fara dà á" ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọ Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá, tó bá kà á lónìí yóò ní ìyẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kíkọ.

Ìga ni tiwa. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkó máa ń pè é láàfin, kò sì burú, àmọ́ ààfin kan ló máa ń wà nílùú. Ní Èkó, gbogbo olóyè onífìlà funfun ló ní ìga tirẹ̀. Ìtàn àwọn Àwórì ni pé Ọlọ́fin tẹ̀lé àwo tó ń léfòó lójú omi títí àwo fi rì ní Ìṣẹrì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta àti Ìddó, ibẹ̀ ló sì ti pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ mẹ́wàá ni, àwọn kan ní mẹ́rìndínlógún, àwọn kan ní méjìlélọ́gbọ̀n. Ó dà bí ẹni pé bí ilẹ̀ ṣe ń wọ́n sí i ni ọmọ ń pọ̀ sí i. Arómire gba erékùṣù Èkó, ó gbin ata síbẹ̀, orí oko ata náà sì ni Ìga Ìdúngànrán, ilé àwọn ọba Èkó, dúró sí títí dòní. Olúwa gba Àpápá. Ọ̀jọ́rà gba Ìjọ́rà àti Ìgànmú. Onísìwó gba àwọn erékùṣù ẹnu òkun. Oníru, Olóto, Ẹlẹ́gúṣì gba tiwọn. Ìdẹ́jọ ni à ń pè wọ́n.

Amọ̀ ni ìga àtijọ́, bẹ́ẹ̀ òjò Èkó kì í dá amọ̀ sí. Wọ́n wó, wọ́n tún un kọ́, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò amọ̀, wọ́n fi páànù rọ́pò ewé. Bí àlejò láti Perthshire bá ní kí n fi ògiri tó ti pé irínwó ọdún han òun, ojú á tì mí. Ohun tó gbó níbẹ̀ ni àyè fúnra rẹ̀: ibi tí olóyè máa ń jókòó, ibi tí wọ́n ti ń parí ìjà, ibi tí eégún Ẹ̀yọ̀ ti ń jáde.

Ní ti Ẹ̀yọ̀, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀ akẹtẹ̀ ni à fi ń mọ ìga tí Ẹ̀yọ̀ ti wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ aláwọ̀ àtẹ̀gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní tartan, mọ ìdílé ní Skọ́tílándì. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé tiwọn ló pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Lẹ́yìn ogun Culloden, òfin 1746 ka aṣọ àwọn ará Òkè Skọ́tílándì léèwọ̀, ìgbà tí Ọba George Kẹrin sì bẹ Edinburgh wò ní 1822 ni ìdílé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wá àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yọ̀ tí wọ́n ṣe fún òkú Ọba Akítóyè ní 1854 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Nínú ọ̀rọ̀ aṣọ, ẹgbẹ́ ni wá.

Ọ̀rọ̀ ogún ló fa ìyàtọ̀. Ní Skọ́tílándì, ọmọkùnrin àkọ́bí ló ń kó ilẹ̀ àti ilé, títí òfin 1964 fi pa àṣà náà rẹ́. Òfin kan ti wà láti 1685 tó jẹ́ kí baba lè fi okùn òfin so ilẹ̀, débi pé ẹni tó jogún rẹ̀ kò lè tà á, olówó-èlé kò sì lè gbà á. Àwọn àbúrò ń kọ́? Wọ́n á lọ ṣe sójà, wọ́n á lọ ka ìwé òfin, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sí Íńdíà. Ìdí nìyẹn tí òrùlé ibẹ̀ kì í fi í jò: ẹnì kan ló ni ín, ẹnì kan náà ni wọ́n máa bá wí. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ ìdílé jẹ́ àlejò ní ẹnu ọ̀nà baba ńlá wọn.

Ní Èkó, ilẹ̀ ẹbí kò ní àkọ́bí. Olórí ẹbí ló ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyáálé àti ọmọ ìyàwó kékeré, èyí tó wà ní Ajégúnlẹ̀ àti èyí tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin àti ọkùnrin, gbogbo wọn ló ní ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dára títí di ọjọ́ tí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nígbà náà, gbogbo onílé á máa wo ara wọn lójú. Mo ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí kan tí a fi wákàtí mẹ́ta sọ̀rọ̀ páànù mẹ́fà. A kò ra páànù kankan.

Níbo wá ni Haldane àti Olúwa ti pàdé? Ní 1913, ìjọba amúnisìn fi ìwé ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú, lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1903. Amodu Tijani ni Olúwa nígbà náà (oyè ni Olúwa yìí o, kì í ṣe Ẹni tó dá wa). Ó ní kí wọ́n san owó ilẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ Èkó dáhùn pé Olúwa kì í ṣe onílẹ̀, alákòóso ni, nítorí náà ẹ̀tọ́ àkóso nìkan ni ìjọba máa san owó lé lórí. Ẹ wo bí ọgbọ́n náà ṣe rí. Àwọn adájọ́ ń wá ọkùnrin kan tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bí wọ́n ti máa ń rí i nílé wọn. Wọn kò rí i. Wọ́n wá pinnu pé ilẹ̀ kò ní olówó.

Olúwa kò gbà. Ní 1920, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbé ẹjọ́ náà síwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn, Herbert Macaulay sì bá a lọ, ó gbé ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó, lọ́wọ́. Orúkọ Macaulay yẹn náà, orúkọ ìdílé Skọ́tílándì ni. Bàbá Herbert, Thomas Babington Macaulay, tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ni wọ́n fi orúkọ ọ̀mọ̀wé onítàn ará Gẹ̀ẹ́sì kan pè, bàbá onítàn náà sì jẹ́ ọmọ Skọ́tílándì. Ọmọ-ọmọ Àjàyí Crowther wá ń fi orúkọ àwọn ará Òkè Skọ́tílándì jà fún ilẹ̀ Àwórì. Bí a bá pa á nítàn, wọ́n á ní irọ́ ni.

Ọjọ́ 11 oṣù Keje 1921 ni ìdájọ́ jáde, ẹni tó kọ ọ́ sì ni Viscount Haldane of Cloan. Edinburgh ni wọ́n bí Richard Burdon Haldane sí ní 1856. Ó ti ṣe mínísítà ogun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1905 títí di 1912, ó sì ti jẹ́ olórí àwọn adájọ́ wọn. Ẹ̀ka àbúrò ló ti wá, kì í ṣe ti àkọ́bí. Cloan ni ilé tirẹ̀ ń jẹ́, lẹ́bàá Auchterarder kan náà, Gleneagles ò sì jìnnà síbẹ̀. Nígbà tó kú ní 1928, Gleneagles ni wọ́n gbé e lọ sin sí. Ọkùnrin tó mọ ohun tí à ń pè ní ilé baba ẹni ni.

Kí ló sọ? Ó ní kí àwọn adájọ́ ṣọ́ra kí wọ́n má máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí èèyàn lè máa ṣe é láìmọ̀. Ó mú ìwé tí Adájọ́ Àgbà Rayner kọ ní 1898 jáde, pé ní ìhà ibí, ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú, ti abúlé tàbí ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ó tọ́ka sí ẹjọ́ tí Onísìwó bá ìjọba ṣe ní 1912, Onísìwó tí ọlọ́kọ̀ wa dárúkọ yẹn, nínú èyí tí adájọ́ ti gbà pé ìwé tí Ọba Dòsùmú tọwọ́ bọ̀ ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé Ìdẹ́jọ. Ó wá ní ohunkóhun tí ìjọba bá ní lórí ilẹ̀ náà, ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lò ó ti wà lórí rẹ̀ bí ẹrù. Nítorí náà kí ìjọba san owó bí ẹni pé ọwọ́ onílẹ̀ gan-an ló ti rà á. £22,500 ni wọ́n san.

Ìjọba Èkó kò gbàgbé ọ̀pá yẹn. Macaulay ti fi í yangàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti sọ̀rọ̀ Elékòó bí ẹni pé ọba gbogbo Nàìjíríà ni. Wọ́n ní kí Èṣùgbàyí sẹ́ ẹ. Kò sẹ́ ẹ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Ọdún 1931 ló padà wálé, lẹ́yìn tí Privy Council kan náà ti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń mú mi ronú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Àwọn ará Òkè Skọ́tílándì ní ọ̀rọ̀ Gaelic kan, dùthchas. Ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí Olúwa ń sọ gan-an: pé olórí ìdílé ń ṣọ́ ilẹ̀ fún ìdílé, pé ẹni tí baba rẹ̀ ti gbé ibẹ̀, tó ti jagun fún ibẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ni wọ́n mọ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú ìwé. Nígbà tí àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wá ju èèyàn lọ, àwọn olórí ìdílé lé àwọn èèyàn wọn kúrò. Ní Sutherland, láàárín 1811 sí 1820, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n lé lọ sí etí òkun, ọ̀pọ̀ sì wọ ọkọ̀ lọ sí Kánádà. Ọdún 1886 ni òfin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó kù lọ́kàn balẹ̀ jáde. Àwọn Haldane kì í ṣe ará Òkè yẹn, n kò sì dá wọn lẹ́bi ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ Skọ́tílándì kan rí ní Àpápá láti Lọ́ńdọ̀nù ni ohun tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti rí nílé.

Ilé olódi ibẹ̀ wá dúró, èèyàn inú àfonífojì ló lọ. Kódà òkúta náà kì í sábà dúró bí a ti rò. Àwọn MacAulay kan ní ilé olódi ní Ardincaple, lẹ́bàá Helensburgh. Gbèsè jẹ wọ́n run ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Campbell, wọ́n sì wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1957. Ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá sí, torí pé iná tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ka Haldane tí adájọ́ wa ti jáde wá ní ilé olódi tirẹ̀ ní Airthrey, èyí tí Robert Adam ya àwòrán rẹ̀. Robert Haldane, ẹ̀gbọ́n bàbá-bàbá adájọ́ náà, tà á ní 1798 kó lè fi owó rẹ̀ tan ìhìnrere kálẹ̀. Inú ọgbà Yunifásítì Stirling ló wà báyìí. Gleneagles gan-an, orúkọ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ onílé: hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣí nítòsí ibẹ̀ ní 1924 ni ayé mọ̀, pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀, àti ìpàdé G8 oṣù Keje 2005, èyí tí Ọbásanjọ́ lọ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbèsè Áfíríkà.

Orúkọ Àpápá náà ti bọ́ lọ́wọ́ onílé. Ní 1926, ibùdókọ̀ mẹ́rin tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí parí níbẹ̀, láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbọ́ Àpápá, pọ́ọ̀tù ló rò, tàbí tírélà tó tò láti orí bíríjì. Ta ló ń rántí Olúwa? Ká fi £22,500 wé ohun tó ń wọlé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lónìí. A borí ní Lọ́ńdọ̀nù, a gba owó, owó tán, ilẹ̀ ò sì padà mọ́. Láti 1978 ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, èyí tó mú kí ìdájọ́ Haldane dà bí aṣọ ńlá tí kò sí ọjọ́ tí a ó wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, ìga ni mo máa yàn, pẹ̀lú páànù rẹ̀ tó ń jò. Ẹ sọdá sí Ajégúnlẹ̀. Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìjọ̀ wà níbẹ̀, Ùróbò, Ígbò, Hausa, Ègùn wà níbẹ̀, àwọn Àwórì ò sì tíì lọ síbì kankan. Kò sí ẹni tó lé wọn nítorí àgùntàn. Ohun tó ń jẹ wọ́n níyà yàtọ̀: wọ́n pọ̀ jù lórí ilẹ̀ kan, ọwọ́ tó lè tọwọ́ bọ̀wé pọ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lè bá ẹni tó rà á lọ́wọ́ àbúrò pàdé nídìí ìpìlẹ̀. Adájọ́ Haldane kò sọ ohun tí a máa ṣe nígbà tí ogójì èèyàn bá jẹ́ onílẹ̀ kan ṣoṣo. Wọn kò bi í.

Lára ògiri Ajégúnlẹ̀, wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: ilé yìí kì í ṣe títà. Ní Gleneagles, kò sí ẹni tó nílò irú ìkọ̀wé yẹn, nítorí ẹni tó lè tà á kò ju ẹyọ kan lọ, inú ilé ló sì wà. Ti Ajégúnlẹ̀ dà bí ìkìlọ̀ fún àlejò tó fẹ́ rà. Àwa tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àbúrò wa ni a kọ ọ́ sí.